Àwo Oúnjẹ Ara Ògiri Bọ̀ọ̀dá Líásù

Ìdí tí mo fi kọ ọ́

Ẹ̀yin ará Mowé, ẹ̀yin ará Ìbàfò, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìfọ̀, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè tó. Láti ọjọ́ tí mo ti ti ìlú òyìnbó dé, kò sí ẹni tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Ọ̀fàdà tí kò ní, "Télọ̀, ẹ sọ ọ́ ká gbọ́." Mo bá bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé àárín, oníbàárà mìíràn á wọlé, á béèrè ohun tí mo fi aṣọ òun ṣe, ọ̀rọ̀ á sì di ti kọ́là àti bọ́tìnnì. Mo ti sọ ìdajì ìtàn yìí fún ìdajì ìlú, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìparí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé téèpù sílẹ̀, tí mo mú bírò.

Ẹ má retí kí n sọ bí mo ṣe gba físà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ bá àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Líásù, ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àti ti ìwé kan tí ìjọba ibẹ̀ fi ń tọ́ àwọn èèyàn sọ́nà lórí bí wọ́n ṣe máa jẹun àti bí wọ́n ṣe máa na ẹsẹ̀ wọn. Àwọn kan ní ìwé náà ló mú kí ayé máa sanra. Àwọn kan ní irọ́ ni. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì nínú ilé kan náà, mo sì ń jẹun lọ́wọ́.

Màmá wa ní Ìfọ̀

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí ìtòsí ojú irin ní Ìfọ̀ ni Màmá wa ṣì ń gbé. Wọ́n ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń ríran, etí wọn náà sì ń gbọ́ èyí tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Bọ̀ọ̀dá Líásù ni àkọ́bí wọn, èmi ni àbígbẹ̀yìn.

Ó ti pẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá ti wà ní ìlú òyìnbó. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń wálé dáadáa, pàápàá nígbà Iléyá. Nígbà tó yá, a ò rí wọn mọ́. Owó ń wọlé, ìpè ń wọlé, fọ́tò ni kò wọlé. Bí a bá pè wọ́n lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, iwájú orí nìkan la máa ń rí. Màmá á ní, "Líásù, gbé nǹkan yẹn jìnnà díẹ̀ kí n rí ẹ." Bọ̀ọ̀dá á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Lọ́jọ́ kan Màmá ránṣẹ́ pè mí láti Mowé. Mi ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ráṣídì, ohùn ni mò ń gbọ́, mi ò rí èèyàn. Bá mi lọ wo ẹ̀gbọ́n ẹ. Bó bá ṣeé mú bọ̀, mú un bọ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ orí sàréè mi ló máa wá bá mi."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pẹ́ láyé."

"Mo ní kó o lọ, o ń ṣàdúrà fún mi."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó nìyẹn. Màmá di ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ẹ̀lùbọ́ fún mi. Èmi náà rán bùbá àti ṣòkòtò kan fún Bọ̀ọ̀dá. Mi ò béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé télọ̀ kì í gbàgbé ara tó bá ti rán aṣọ fún rí.

Ẹ wá jẹun

Nínú rélùwéè tó gbé mi lọ sí ìlú tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo tú búrẹ́dì àti ẹja díndín tí ìyàwó mi dì fún mi. Ọkùnrin òyìnbó kan jókòó tì mí. Mo yíjú sí i, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kó wá jẹun. Ó ní ó ṣeun, rárá, ó sì yára wo ojú fèrèsé. Mo rò pé ó ń tijú ni, ni mo bá tún pè é, mo sún ẹja sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Kò pẹ́ tí òun náà tú oúnjẹ tirẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo fóònù, ó ń jẹ. Nígbà tí mo wá wò yíká, mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọkọ̀ ló ń jẹ nǹkan, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì pé "ẹ bá mi níbẹ̀." Ní Mowé, bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè ilé tí wọ́n ti bí ẹ. Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin yẹn gan-an ló bá mi gbé ẹrù mi, ó sì dúró tì mí títí tí mo fi rí ẹni tó wá pàdé mi. Ọmọlúàbí ni. Oúnjẹ nìkan ni kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dá ọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Àmínà, ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ló wá pàdé mi. Ó ti di ọmọge, ó wà ní yunifásítì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ káàbọ̀," ó sì dì mọ́ mi bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Òtútù ń fẹ́. Mo ń bi í léèrè nípa bàbá rẹ̀, ó kàn ń sọ pé, "Ẹ máa rí wọn, Ọ́ńkù."

Mo rí wọn. Bọ̀ọ̀dá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kún ẹnu ọ̀nà náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kàn mí léjìká, wọn ò dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. "Dìde, àbúrò mi," ni wọ́n wí. Ohùn yẹn ò yí padà. Bí mo bá ní àánú wọn ò ṣe mí, irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ kejì mo yọ aṣọ tí mo rán. Ṣòkòtò náà ò kọjá itan. Mo ní aṣọ ló súnkì nínú ẹrù. Bọ̀ọ̀dá ní òtútù ibẹ̀ máa ń ṣe aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ohun tí à ń sọ, a sì fi í síbẹ̀.

Orúnkún wọn méjèèjì ti bàjẹ́. Ọsibítù gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ fọn, kí ara wọn dín kù. Mo jẹ́ iṣẹ́ Màmá fún wọn. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Sọ fún Màmá pé tí orúnkún bá ti dáa, màá wá." Ó ti pẹ́ tí orúnkún yẹn ti ń dáa lórí fóònù, mo mọ ìdáhùn tí Màmá máa fún mi tí mo bá mú ọ̀rọ̀ yìí nìkan bọ̀.

Àwo ara ògiri

Nínú kíṣìnnì Bọ̀ọ̀dá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Àwòrán àwo ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Búrẹ́dì, ànàmọ́, ìrẹsì àti irú wọn gba apá ńlá. Èso àti ẹ̀fọ́ gba apá ńlá mìíràn. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹran gba díẹ̀. Wàrà gba díẹ̀. Òróró ò gbà ju ibi bíńtín kan lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kéèyàn máa mu omi, kó sì máa rìn dáadáa lójoojúmọ́. Ìjọba ló ṣe é. "Ìwé" lásán ni wọ́n ń pè é nínú ilé, bí ẹni pé kò sí ìwé mìíràn.

Ẹni tó bá mọ Bọ̀ọ̀dá Líásù á mọ̀ pé wọn kì í rú òfin. Bí wọ́n bá kọ "má gba ibí" sí ojú ọ̀nà, tí kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá á yí ká. Nítorí náà, nígbà tí ọsibítù fún wọn ní ìwé, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Epo pupa kúrò nínú ilé. Wàrà tí wọn ń mu dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Wọ́n ní yógọ́ọ̀tì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ọ̀rá. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí oyin. Láàárọ̀, síríà. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀. Lálẹ́, wíìtì.

Wíìtì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Ìwé ní kí oúnjẹ tó ń fúnni lágbára pọ̀ nínú àwo, kó sì jẹ́ irú èyí tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ kúrò. Bọ̀ọ̀dá wò ó, wọ́n rí i pé wíìtì ló bá a mu. Wọ́n rò ó bí ọkà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú àwo wọn, ó ga ju ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ rẹ̀ ò ní epo, ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò ju èyí téèyàn lè kà lọ.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ èyí?"

"Wíìtì ni, Ráṣídì. Kì í ṣe iyán."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń ṣe é. Alájà kan wà ní Ìbàfò tí mo ń ránṣọ fún, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kó fi iyán àti ẹ̀bà sílẹ̀, kó máa jẹ wíìtì àti ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ó gbọ́ràn. Kò tíì pé ọdún tó fi gbé gbogbo bùbá rẹ̀ padà wá kí n tú ẹ̀gbẹ́ wọn. Bá a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn: bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún wa, a kì í gbọ́ ìwọ̀n. Oúnjẹ tó bá ti jáde lẹ́nu dókítà, a gbà pé oògùn ni, kò lè pọ̀ jù.

Ohun kejì tí mo rí ni pé Bọ̀ọ̀dá nìkan ló máa ń jẹun. Ìyá Àmínà, ìyàwó wọn, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nílé. Àmínà máa ń gbé àwo tirẹ̀ lọ sí yàrá. Bọ̀ọ̀dá á gbé tirẹ̀ lé itan, wọ́n á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán, nítorí Màmá kọ́ gbogbo wa pé a kì í da oúnjẹ nù.

Ta ló jẹ̀bi?

Ní ọ̀sẹ̀ kan mo sin Bọ̀ọ̀dá lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kékeré kan, onísùúrù, gbé wọn gorí òṣùwọ̀n. Kò dín, ńṣe ló lé. Ó bi wọ́n jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n ń tẹ̀lé ìwé. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ń tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín téèyàn fi ń dá ọmọdé lóhùn tó ní òun kọ́ ló jẹ ẹran inú ìkòkò.

Ọjọ́ Sunday ni gbogbo ilé máa ń pé. Ìyá Àmínà se ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo gbé lọ. Àmínà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Dádì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìwé yẹn gan-an ni problem. Wọ́n ní kí gbogbo ayé máa sá fún ọ̀rá, kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ bá yọ ọ̀rá, wọ́n rọ́pò ẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń sanra."

Ìyá Àmínà ju ṣíbí sílẹ̀. "Èyí tí ìwé ní ká jẹ lẹ́fọ̀ọ́ ńkọ́? Èyí tó ní ká dín ṣúgà kù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìwé kan náà ni? Mo ti ń bá àwọn ará ìlú yìí ṣiṣẹ́ látìgbà tí mi ò tíì bí ẹ. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀lé nǹkan yẹn nínú wọn. Báwo ni ohun téèyàn ò ṣe ṣe máa pa á lára?"

"Màmí, tí ẹni tó tẹ̀lé e àti ẹni tí ò tẹ̀lé e bá jọ sanra, kí ni ìwé wà fún?"

"Kí bàbá ẹ máa rìn. Ó wà níbẹ̀. Wọn ò rìn."

Bọ̀ọ̀dá gbé orí sókè. "Wọ́n ní kí n rìn kí n lè fọn. Wọ́n ní kí n fọn kí wọ́n lè tún ẹsẹ̀ mi ṣe. Wọ́n ní tí ẹsẹ̀ bá ti dáa, mo máa lè rìn." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. "Ìwé lẹ ń bá jà, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ni wọ́n ń wò bí òpùrọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Ìyá Àmínà wá kọjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ bá wa dá a. Ẹ̀yin lẹ ń wọn èèyàn."

Mo ní kò sí ògiri kan ní Mowé tí mo tíì rí ìwé yẹn lára rẹ̀, síbẹ̀ ṣòkòtò tí mo rán lọ́dún yìí, tí ọdún bá yí, wọ́n á gbé e padà wá kí n tú ìdí rẹ̀. Àwọn ará wa ń jí lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n jókòó lọ, wọ́n jókòó níbi iṣẹ́, wọ́n jókòó bọ̀. Búrẹ́dì àti mínírà ni wọ́n fi ń gba ara wọn lójú ọ̀nà, bí wọ́n bá wá délé tán, wọ́n á wá jẹun gidi. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fàdà àtijọ́ ń jẹ ọkà tó tó òkìtì, ọkọ́ á sì gbà á lára wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwa fi ọkọ́ sílẹ̀, a ò fi òkìtì sílẹ̀. Ìwé wo ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀?

"So ìwé ò jẹ̀bi nìyẹn, Ọ́ńkù?" ni Àmínà wí.

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ìbàdí ni wọ́n máa ń gbé e wá bá télọ̀. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé.

Abọ́ kan

Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò ṣe é nítorí ọgbọ́n kankan. Dídá jẹun ló sú mi. Èèyàn á gbé àwo lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, á jẹ tán, kò ní rántí ohun tó jẹ. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Àmínà wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo ro wíìtì náà. Mo se ẹ̀fọ́ tó pọ̀ sí i, mo fi epo pupa díẹ̀ sí i, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìwé. Mo wá bu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá kan, mo gbé e sórí tábìlì kékeré láàárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá.

"Kí lèyí?" ni Bọ̀ọ̀dá wí.

"Ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti rán àwọn létí ilé. A fọ ọwọ́. Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ bu òkèlè, nítorí àwọn ni àgbà, èmi tẹ̀ lé wọn. À ń sọ̀rọ̀ bàbá wa àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ìró rélùwéè pe orúkọ wa. Ọkà náà ò tíì dé àárín nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fa ọwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n lá ìka wọn.

"Jẹ èyí tó kù."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì yó."

"Mo ní kó o jẹ èyí tó kù."

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran inú ọbẹ̀ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Mi ò rí ìgbà tí wọ́n tì í síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ gbogbo àgbà ilé wa. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ọsibítù ti ń bẹ̀ látọjọ́ yìí, tí ìyàwó ti bá wí, tí ọmọ ti bá sọ̀rọ̀, ojú tì í láti jẹ oúnjẹ tán níwájú àbúrò rẹ̀. Wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan.

Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì mo tún bu ú sínú abọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló gbé tábìlì sáàárín. Kì í ṣe pé ebi ò pa wọ́n; nígbà mìíràn wọ́n á tún wá ọsàn jẹ kí wọ́n tó sùn, wọ́n á máa wo èèpo rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì kù. Bí a bá ti jẹun tán, tí mo ní mo fẹ́ nasẹ̀ jáde, wọ́n á ní àwọn ò lè jẹ́ kí àlejò sọnù, wọ́n á mú ọ̀pá, wọ́n á sìn mí dé ìkóríta. Mo ti mọ ọ̀nà náà. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ìyà jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èmi. Ẹni tí àgbà ní kó jẹ èyí tó kù, ṣé ó lè ní rárá? Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ gbogbo ni mo jẹ ẹ́. Ara tí ẹ ń rí lára mi yìí, tí ẹ ń kí mi kú oríire rẹ̀, ti Bọ̀ọ̀dá ni.

Ìdí abọ́ yẹn ni Bọ̀ọ̀dá ti sọ òótọ́ fún mi nígbẹ̀yìn. A ti jẹun tán, ọwọ́ wa ṣì lọ́bẹ̀.

"Ráṣídì, kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú ni mò ń sá fún. Mo lè dé ilẹ̀, mi ò lè dìde. Orí àga ni mo ti ń kírun, mo mọ̀ pé Ọlọ́run gbà á. Màmá ńkọ́? Ṣé ìdúró ni mo máa wà kí n máa kí wọn? Tàbí kí n dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wá máa gbé mi bí àpò símẹ́ńtì lójú Màmá?" Wọ́n nu ọwọ́. "Àwọn ará àdúgbò á tún ní, 'Alájì, owó ti dé.' Wọ́n á máa kí mi kú oríire."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo fẹ́ sọ pé Màmá ò ní bínú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú Màmá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ojú Màmá ni.

Ohun tí nọ́ọ̀sì béèrè

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, òṣùwọ̀n ti wálẹ̀. Kò tíì tó èyí tí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì onísùúrù yẹn gbé wọn lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi Bọ̀ọ̀dá léèrè ohun tí wọ́n yí padà nínú oúnjẹ wọn.

"Àbúrò mi wá láti ilé," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ó béèrè irú oúnjẹ tí mò ń sè. Bọ̀ọ̀dá ní wíìtì kan náà ni. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó wá ní ohunkóhun tí a bá ń ṣe, kí a máa ṣe é lọ. Ó bọ Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rín rẹ̀ yàtọ̀, inú mi sì dùn fún Bọ̀ọ̀dá ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo ti rò ó títí. Bí ẹ bá ní kí n fi ìwé yẹn sẹ́wọ̀n, mi ò ní fi í sẹ́wọ̀n. Ẹni tó yà á fẹ́ ire. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá a sílẹ̀ ní òmìnira pẹ̀lú. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n gé láìrí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tó yẹ kó wà nínú àwo, kò bi wá pé ta ló jókòó ti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwo ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yà. Ẹni tó bá sì tẹ̀lé e bí Bọ̀ọ̀dá ṣe tẹ̀lé e, tí kò rí ìyàtọ̀, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Ìyẹn ni mo rí tí ó burú jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ mi ń sún mọ́lé, Àmínà ni ó béèrè ohun tí gbogbo wa ń sá fún. "Ọ́ńkù, tí ẹ bá lọ, ta ló máa máa bá Dádì jẹun?" Ó ti ń jókòó tì wá nígbà mìíràn, ó ń fi ìka méjì bu òkèlè bí ẹni tó ń mú ejò. Kí n tó sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo fẹ́ bá a lọ ná. Tí mo bá ní kí n dúró de orúnkún, Màmá ò ní lè dúró dè mí."

Ilé

A dé Ìfọ̀ ní ọ̀sán. Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn ará àdúgbò sì dà bò wá. "Alájì, ẹ káàbọ̀ o! Ara yín mà dán o! Ìlú òyìnbó dáa!" Bọ̀ọ̀dá dá gbogbo wọn lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín fún wọn, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá jókòó lórí àga ní pálọ̀. Wọn ò dìde. "Líásù," ni wọ́n wí.

Bọ̀ọ̀dá gbé ọ̀pá fún mi. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n fi ọwọ́ kan wá ilẹ̀, orúnkún kan kúnlẹ̀, wọ́n fún eyín pọ̀, èkejì kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na gbogbo ara sílẹ̀, àyà kan sìmẹ́ǹtì. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, à ń ṣe àmín. Àdúrà náà parí. Mo dìde. Bọ̀ọ̀dá ò dìde. Mo rí i tí ọwọ́ wọn tẹ ilẹ̀, tí apá ò gbé wọn, tí wọ́n tún dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ síbẹ̀, ojú wọn nílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé wọn. Màmá ní, "Fi í sílẹ̀, mi ò tíì ṣe tán." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún Ìyá Àmínà, wọ́n ṣàdúrà fún Àmínà, wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tó wa ọkọ̀ òfurufú wa, wọ́n ṣàdúrà fún àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ojú Màmá, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Nígbà tí kò sí ẹni tó kù láti ṣàdúrà fún, wọ́n di apá àga mú, wọ́n rọra sọ ara wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá orí Bọ̀ọ̀dá, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì síwájú.

"Jókòó tì mí, Líásù. Kò sí ẹni tó ń lé wa."

Bọ̀ọ̀dá yí ara wọn padà, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ti Màmá. Ojú wọn wá di ọgbọọgba. Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bọ̀ọ̀dá, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn wọn, wọ́n fún apá wọn wò. Ni wọ́n bá yíjú sí mi, inú bí wọn tán.

"Ráṣídì! Wo bí ọmọ mi ṣe rù! Kí ni wọ́n ń fún un jẹ níbẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá ni ó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gbé orí lé èjìká Màmá.

"Màmá," ni wọ́n wí, "Ráṣídì ló jẹ gbogbo ẹ̀."